Àgékù Páálí Inú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ní Ṣómólú, níbi tí Ràfíátù, ìyá Kausarat, ti ń di ìwé láti ọdún méjìlélógún, wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í da nǹkan nù. Páálí tí ẹ̀rọ bá gé kù, á ṣà á sínú àpò kan lẹ́bàá ìjókòó rẹ̀. Bí tábìlì bá ń mì, á ki àgékù páálí sí i lẹ́sẹ̀. Bí fèrèsé bá ń pariwo, páálí náà ni. Nígbà tí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sínú ilẹ̀kùn, páálí ló fi ń há a lójoojúmọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, páálí ò gbà á mọ́. Gíláàsì já wálẹ̀ pátápátá. Káátọ̀nù ìwé ìdánwò mẹ́fà ló wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Akọ́kà ń retí wọn ní aago méjì, òjò sì ti ṣú. Ràfíátù kò gbé ìwé tútù fún oníbàárà rí. Ó wa ọkọ̀ lọ sí Bàrígà, sọ́dọ̀ Mùíz tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

Mùíz tú ikùn ilẹ̀kùn, ó yọ ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì. “Eléyìí ti kú, Ìyá Kausarat. Ó ti ń bẹ̀ yín tipẹ́.”

“Wá òmíràn fún mi, jàre.”

Ó rí tòkunbọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ so ó mọ́ bátìrì nílẹ̀. Ó yí dáadáa. Ó gbé e sínú ilẹ̀kùn, ó de bóòtù rẹ̀, ó fi gíláàsì lé e, ó tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì gòkè dé ìdajì, ó dúró, ẹ̀rọ ń kùn.

“Òkú ni wọ́n tà fún ọ,” ni Ràfíátù wí.

“Òkú kì í yí lórí bátìrì, mọ́mì.”

Ẹ̀kán òjò bọ́ sórí ọkọ̀. Ràfíátù bọ́ ìborùn rẹ̀, ó nà án lé àwọn káátọ̀nù. Mùíz ti ń wá irinṣẹ́ tí yóò fi tú ẹ̀rọ náà kí ó lè dá a padà.

“Mùíz, dúró ná. Mo máa ń ki páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì yẹn.”

“Ẹyọ mélòó ló bọ́ sínú?”

Ràfíátù wolẹ̀. “Mi ò kà á.”

Mùíz ki ọwọ́ bọnú ilẹ̀kùn. Ó fa ọ̀kan jáde, ó fa òmíràn, títí ó fi di mọ́kànlá. Èyí tó kẹ́yìn ló há sí ojú irin tí gíláàsì ń gbà gòkè. “Ẹ ti dá ilé ìkàwé sílẹ̀ níbí, Ìyá Kausarat.”

Ó tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì gòkè jẹ́jẹ́, ó kan òkè, ó padé. Òjò dé gan-an.

“Ṣé kí n da páálí yìí nù?”

“Gbé e wá. Tábìlì mi ṣì ń mì.”

Ní Akọ́kà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù nígbà tí olùkọ́ tó gba ẹrù fi ọwọ́ pa ìwé àkọ́kọ́. “Nínú òjò yìí? Ó gbẹ.”

“Ó gbẹ,” ni Ràfíátù wí, ó sì wá àga jókòó.