Àwòrán Àga Tó Ń Pa Èèyàn Lẹ́kún

Ogún àwòrán ni ìyàwó télọ̀ kan yà, tó sì kó lọ síbi ìpàtẹ àwòrán lọ́dún kan. Òdòdó ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì tà wàràwàrà. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù: àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò séèyàn lórí ẹ̀. Ó fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, kí àwọn tó ń dúró de dókítà lè rí nǹkan wò.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, olórí nọ́ọ̀sì pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá gbé àwòrán yín. Àwọn èèyàn ń sunkún níwájú ẹ̀.”

“Ẹkún kẹ̀? Àga ilé ìdáná mi ni mo yà!”

Nígbà tó débẹ̀, bàbá arúgbó kan ló jókòó síwájú àwòrán náà, omijé ń dà lójú ẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe nawọ́ láti yọ ọ́ lára ògiri, bàbá dìde.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má gbé e. Ibí nìkan ni mo ti ń ráyè sunkún ìyàwó mi tó kú. Nílé, àwọn ọmọ á ní àgbà kì í sunkún.”

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ṣé oore ló ṣe ni, àbí ìkà? Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó fi àwòrán náà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé, ó dúró ti àga ilé ìdáná yẹn pẹ́.

“Kí lò ń wò?” ni ọkọ ẹ̀ bi í.

Ó ní òun ò mọ̀, ó bá fa àga náà síwájú ẹ̀, ó ní kó wá jókòó síbẹ̀.