Ebè Tí Ẹgbẹ́ Eléré Kọ

Mo rántí bí bàtà ẹnu ṣóńṣó ṣe ń ta mí lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ẹgbẹ́ eléré wa wá ṣeré ní Dassa, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira. Gítà ń bẹ lọ́rùn mi, kíráfátì, ìyẹn táì, ń bẹ lọ́rùn kan náà, ojú mi sì wà lára ọmọbìnrin kan láti Kèrè nítòsí ibẹ̀, tó jókòó ti bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, òun náà sì gbà; bàbá ni kò gbà. Ó ti sọ fún àwọn tí mo rán sí i pé èékánná mi ti mọ́ jù.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè iṣu fún àna. Èmi tí mo ti dé Kútọnu, tí mò ń kọ orin Kúbà tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, mo ka ìyẹn sí wàhálà àwọn ará oko. Orin ni n ó fi mú bàbá.

A kọ́kọ́ kọ orin Kúbà. Àwọn àgbà jókòó bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Ni mo bá mú orin tí wọ́n fi ń kọ ebè, èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi àgbà, a fi gítà àti fèrè onídẹ sí i, a sì mú un yára. Nínú orin náà, ẹni tó ń lé e á pe orúkọ olóko kan, àwọn tó kù á gbè é pé àwọn ń bọ̀ lọ́la. Mo pe orúkọ bàbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Kútọnu gbogbo wọn, gbè é dáadáa. Àwọn àgbà dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń jó bí ẹni ń roko. Mo rò pé mo ti di àna.

Bàbá wá síwájú, ó ṣí fìlà.

"Mùsé onígítà, ẹ ṣeun. A ó máa retí yín lóko láàárọ̀ ọ̀la. Ilẹ̀ ibẹ̀ le díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹni tó bá pe orúkọ olóko nínú orin yẹn lójú àwùjọ ti ṣèlérí, tòun ti gbogbo ẹni tó gbè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lóko, afunfèrè wa béèrè ibi tí wọ́n ti ń di ọkọ́ mú.

"Ibi tí kò sí irin," ni bàbá wí.

"Bàbá, èmi ò fẹ́ ọmọ yín o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o gbè é."

Nígbà tí ọwọ́ wa ti bó, mo tún dá orin náà. Ó kọ̀, kò yára mọ́. Ọkọ́ ló ń sọ ibi tí ohùn yóò wọlẹ̀ sí. Onílù wa dúró, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná, àṣé ńṣe la ba orin yìí jẹ́ lánàá." Bí ọkọ́ ṣe fẹ́ ẹ la ṣe ń kọ ọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe gbà á sínú àwo orin.

Bàbá fi ẹsẹ̀ kan ebè mi, ó wó. "Èyí ti sùn," ó ní. "Tún un kọ. Bí ó bá so iṣu, wá mú ọmọ mi lọ."

Gbogbo òjò ọdún náà ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀, tí mò ń roko ní Kèrè. Nígbà tí a wú u, iṣu náà kò ju apá ọmọ ọwọ́ lọ. Bàbá yí i wò títí. Ọmọbìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu.

"Iṣu ni," bàbá wí níkẹyìn. "Àbí kí la fẹ́ pè é?"

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń wá àwo náà kiri, wọ́n ń bi mí ilé ẹ̀kọ́ orin tí mo lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n bi ìyàwó mi. Òun ló rántí pé níjọ́ ìgbéyàwó wa, bàbá nìkan ni wọ́n gún iṣu yẹn fún. Ó jẹ ẹ́ tán, kò ní ó dùn, kò ní kò dùn. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti yìn mí nítorí orin yẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìyìn tó wọ̀ mí lára tó bí ó ṣe ń dákẹ́ jẹun lọ́jọ́ náà.