"Kò Burú" ni Elétí-Ajere Máa Ń Wí

Ọjọ́ tí Elétí-Ajere dá mọ́tò ìyàwó dúró láàárín títì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Mọ́tò àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n ti nù ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Ni bàbá yìí bá bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ dúró! Ásù mọ́tò yìí ń ké, àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n etí tiẹ̀ lu kára bí ajere, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni: ásù mọ́tò àtijọ́, ọ̀pá irin tó so táyà méjì pọ̀, àti àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó ń bẹ̀bẹ̀, "ọkọ mi ti ń dúró."

"Ọkọ tó bá fẹ́ràn ẹ á dúró. Búùṣì inú ásù tó ti jẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ó ti jáàkì bọ abẹ́ mọ́tò, ó gbé e sókè tòun ti ìyàwó nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ sáré dé, bàbá yìí ní kó wá bá òun di irin kan mú. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, girísì wà lápá aṣọ ọkọ ìyàwó dé ìgúnpá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kì í lè gbọ́ ìtàn yìí kó má rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tóóró kan, ẹ̀rọ tó ń gé irin wà lábẹ́ fèrèsé, èérún irin sì ń bá wọn lọ sílé dórí ibùsùn. Ojú ẹ̀gbọ́n ti di bàìbàì tipẹ́, kò sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Àbúrò ló ń gé búùṣì, òrùka irin tín-ín-rín. Ẹ̀gbọ́n ló ń lọ dè é mọ́ mọ́tò.

Bó bá gé e tán, ẹ̀gbọ́n á fi okùn so ó rọ̀, á fi ìṣó lù ú kó dún, á dẹ etí bí ẹni ń gbọ́ òfófó.

"Kò burú."

"Ṣé ó dára, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ṣé mo ní kò dára ni? Mo ní kò burú."

Obìnrin yìí ti ní ọmọ-ọmọ o, síbẹ̀ ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ pé ó dára, àní lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Há à! Ẹnu Elétí-Ajere á wá jí. Nígbà kan, òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù lu búùṣì kan tó fi wọ́. Oníbàárà bèèrè ẹni tó ṣe é.

"Àbúrò mi ni."

"Èmi kẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ẹ wò ó dáadáa. Wíwọ́ báyìí, ṣé ó jọ mí?"

Bí oníbàárà bá sì ń kánjú, Elétí-Ajere á ní, "Mọ́tò yìí dàgbà ju bàbá ẹ lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń lé àgbàlagbà níléé yín nìyẹn?"

Búùṣì tó le jù lọ ni ti mọ́tò bàbá télọ̀ kan. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jẹ tán pátápátá, kò sí àpẹẹrẹ tí àbúrò lè wò. Ó gé e, ó bàjẹ́, ó tún gé e, títí ó fi bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n lù ú, ó gbọ́ dídún rẹ̀, ó ní, "Kò burú," ó sì gbé e lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nínú mọ́tò tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ní, "Dírẹ́bà, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ń ké." Dírẹ́bà ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. "O ò lè gbọ́. Ṣé etí nìyẹn?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àbúrò bi í. "Bọ̀ọ̀dá, búùṣì télọ̀ yẹn ńkọ́?"

Ó di ojú. "Ó ń ṣiṣẹ́."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ tó fi lọ. Ó dun àbúrò wọra, kò sì lè sọ ọ́ fẹ́nì kan. Ta ni yóò máa sunkún búùṣì nígbà tí òkú wà nílẹ̀?

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá télọ̀ wá kí i ní yàrá iṣẹ́.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín gbé búùṣì yẹn wá, kò kọ́kọ́ dé ìdí mọ́tò o. Inú ilé ló wọ̀. Ó pe ìyàwó mi jáde, ó pe aládùúgbò. Ó ní, 'Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mi ò tíì ṣe irú èyí rí láyé mi. Ó dára! Ó dára!' Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ẹ̀."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

"Tiẹ̀ ni. Ó ní òun fúnra òun ló gé e."

"Olè!" Obìnrin náà figbe ta, bàbá télọ̀ sì fò dìde. "Olè ni Bọ̀ọ̀dá mi! Irọ́ gbuu!"

Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé tí ẹ̀rín fi gbé e. Ẹni tí kì í pe ohun tó lábùkù ní tirẹ̀ láyé! Búùṣì náà dùn mọ́ ọn débi pé ó jí i. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín di ẹkún. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò bá ti sọ ọ́ sí mi létí. Ṣebí inú yàrá kan náà la jọ ń wà."

Bàbá télọ̀ ń họ orí. "Àbí kì í ṣe òun ló ṣe é ni?"

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú.

"Òun ni, Bàbá. Òun ló ṣe é. Ó dára, àbí?"

"Ó dára gan-an ni, Màmá."