Ibo Ni Ẹ̀yìn Ìlà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ìlà funfun kan báyìí ní jẹ́tì Ọ̀jọ́. Ìlà lásán o! Ọ̀dà ni wọ́n fi fà á sílẹ̀. Síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí omi. Àwọn tó ń wọ bóòtù lọ sáwọn abúlé tó wà lódìkejì, àtàwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń jẹun kí wọ́n tó forí lé Ìyànà Ìbà tàbí Ajangbadi. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ò gbà ju ìkòkò, sítóòfù, èmi, àti ẹní tí Mofẹ́ ọmọ mi ń sùn lé. Ìta ni kọ́sítọ́mà ń jókòó sí. Ẹni tó bá kó àga mi nílẹ̀, iṣẹ́ mi ló kó lọ yẹn. Ta ló máa dúró lórí ìnàró máa jẹ ẹ̀wà gbígbóná?

Àmọ́ ká sọ òótọ́, iwájú jẹ́tì yẹn ti dàrú. Àga wa, mọ́tò àwọn tó fẹ́ wọ bóòtù, kẹ̀kẹ́, apẹ̀rẹ̀ ẹja, gbogbo ẹ̀ ló wà lójú kan náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyá arúgbó kan tí ara wọn ò yá sọ̀ kalẹ̀ nínú bóòtù, wọn ò rí ọ̀nà gbé wọn dé títì. Òkè orí àga mi ni wọ́n gbé màmá gbà, bí ẹni ń gbé àpò gààrí. Ojú tì mí. Nítorí náà, nígbà tí káńsù ní àwọn máa ṣètò ibẹ̀, èmi gan-an pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fa ìlà funfun gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá tó kó wọn wá, bàbá oníkùn kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, dúró sí etí omi, ó kọjú sí wa, ó ní òfin náà ò le rárá. Kí gbogbo àga wà lẹ́yìn ìlà, kí gbogbo mọ́tò wà níwájú ìlà, kí àwọn elérò lè ráyè kọjá. Ẹni tí wọ́n bá bá àga ẹ̀ níwájú ìlà, tírọ́ọ̀kù ló máa gbé e lọ. Ẹ sì mọ̀ pé àga tó bá wọ tírọ́ọ̀kù yẹn kì í sábà rántí ilé. Ó bi wá ṣé ó yé wa. Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó yé wa, sà!

Ó yé wa kẹ̀!

Ilẹ̀ mọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo wo ìlà. Ṣé ẹ ń fojú inú wò ó? Èmi rèé, ìlà rèé níwájú mi, omi rèé lọ́hùn-ún. Kí ni à ń pè ní ẹ̀yìn nǹkan? Ẹ̀yìn ògiri, ṣebí òdìkejì ògiri ni. Ẹ̀yìn odi, ìta ìlú ni. Ẹ̀yìn ìlà náà nìyẹn! Mo bá kó gbogbo àga mi kọjá ìlà, mo tò wọ́n sí apá omi. Atẹ́gùn sì wà níbẹ̀ dáadáa. Mo tiẹ̀ ní káńsù yìí mà gbọ́n.

Ìyá Wàídì, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta ohun mímu tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ń wò mí.

"Ìyá Mofẹ́, ṣé ó dá ẹ lójú pé ibẹ̀ yẹn ni ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni, mà. Iwájú ẹ̀ ló kọjú sí wa yìí."

"Ìlà ní ojú? Ilé ló ní ilẹ̀kùn téèyàn á fi mọ iwájú ẹ̀. Ìlà ò nílẹ̀kùn."

Wọ́n ronú, wọ́n ronú, wọ́n wá gbé bẹ́ǹṣì wọn gun orí ìlà gan-an! Ẹsẹ̀ méjì níbí, ẹsẹ̀ méjì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ibi yòówù tí káńsù bá pè ní ẹ̀yìn, bẹ́ǹṣì àwọn ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín títí Mofẹ́ fi jí lẹ́yìn mi. Àwọn olóúnjẹ tó kù wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní èmi ni mo ṣe sẹ́kọ́ńdìrì parí, wọ́n kó tiwọn náà tẹ̀ lé tèmi.

Mo wọlé lọ tún ọmọ tẹ́ sórí ẹní. Ibẹ̀ ni mo wà tí mọ́tò kan fi yọ. Obìnrin ló wà á. Ó wo apá omi, àga ló kún ibẹ̀. Ló bá yí ọwọ́ mọ́tò, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn mi gbáà!

"Àǹtí! Àǹtí! Ibí kọ́ o!"

"Ẹ má bínú, mà, ẹ jọ̀ọ́! Àbúrò mi ń rọbí lódìkejì, bóòtù ti ń lọ!"

Ó ti ń sáré kó tó sọ ọ́ tán. Kí n tó rí ibi yọ jáde, bóòtù ti fi èbúté sílẹ̀.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Bí alákàn ni mo ṣe ń fẹ̀gbẹ́ rìn kí n tó lè jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Iná wà nínú ilé, ọmọ wà nínú ilé, mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí iná bá ṣèèṣì sọ ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní kí n tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀ dà nù, kó lè kọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi! Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, mo ti ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, ni ojú mi bá lọ sínú mọ́tò.

Abọ́ ìwẹ̀ ọmọ tuntun ló wà lórí àga ẹ̀yìn. Òwú. Ìdì aṣọ kéékèèké. Ẹrù ìkúnlẹ̀ àbúrò ẹ̀ nìyẹn, ó ti sáré gbàgbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀!

Lọ́jọ́ tí mo bí Mofẹ́, bí ọkọ mi náà ṣe gbàgbé ẹrù sílé nìyẹn. Ìró ara mi, èyí tí mo ró lọ, ni nọ́ọ̀sì fi wé ọmọ mi. Mo ṣì rántí bí ojú ṣe ń gbà mí tì, tí mò ń wo ọmọ olówó tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo rọra dé ìdérí táyà padà.

Mi ò tíì dìde tí tírọ́ọ̀kù káńsù fi dé.

Àwọn ọmọkùnrin bẹ́ sílẹ̀, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ń ju àga sókè. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì Ìyá Wàídì lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kán. Ìyá Wàídì figbe ta pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ǹṣì ìyá wọn nílé nìyẹn?

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. "Màdáámù, ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́ ni?"

"Yorùbá ni, sà. Ẹ̀yìn ìlà lẹ wí, ẹ̀yìn ìlà la sì wà."

"Etí omi níbí? Ṣé ẹja lẹ fẹ́ máa ta ẹ̀wà fún ni?"

Àwọn ọmọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo di ẹsẹ̀ àga kan mú, ọmọkùnrin kan ń fà á lápá kejì, Mofẹ́ ti ń ké nínú ilé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Mo kàn kúnlẹ̀, mo bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi níbi tí mo dúró sí láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó kó àga mi lọ.

Wọ́n gbà. Àmọ́ mọ́tò ti dí ọ̀nà! Ọ̀gá fẹ̀gbẹ́ wọlé, ikùn há sáàárín mọ́tò àti ògiri.

"Ẹ fà á sínú, Ọ̀gá!" Ìyá Wàídì ní. "Ẹ fà á dáadáa, ó ti ń kọjá!"

Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Mofẹ́ ti rákòrò wá, ó di ṣòkòtò wọn mú. Mo ní, "Sà, ìlà rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi."

Wọ́n nawọ́. Ọwọ́ wọn lọ tààrà sí apá omi, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

"Hẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Etí omi lèmi dúró sí nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n yíjú síta, wọ́n pariwo pé kí àwọn ọmọ wọn kó àga wa sọ̀ kalẹ̀ sí apá ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, omijé ló bọ́ lójú mi.

Àṣé kò tíì tán. Wọ́n fọwọ́ gbá mọ́tò tó dí wa mọ́lé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn mú ṣéènì wá, kí wọ́n fi de táyà ẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ tú afẹ́fẹ́ táyà yẹn dà nù lẹ́ẹ̀kan, èmi náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀!

"Ẹ̀yin tó dí mọ́lé lẹ tún ń bẹ̀bẹ̀ fún un?"

"Sà, àga wa ló gba ibi tó yẹ kó gbé mọ́tò sí. Ẹ sì wo àga ẹ̀yìn yẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n ní àwọn á dúró de bóòtù kan ṣoṣo kí àwọn tó de táyà ẹ̀. Wọ́n fa àga kan jókòó, wọ́n ní kí n bu ẹ̀wà wá, kí ata má pọ̀.

Bóòtù tó tẹ̀ lé e ló gbé obìnrin náà padà. Ó ń sáré bọ̀, ó rí ṣéènì nílẹ̀, ó rí aṣọ káńsù, ló bá kúnlẹ̀. Ó ní ẹrù ọmọ lòun gbàgbé, pé àbúrò òun ò tíì bí, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa pariwo pé kó dìde! Ọ̀gá fúnra wọn ló dúró lẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń juwọ́, "rọra, rọra, máa bọ̀," títí ó fi bọ́ sí apá omi. Ìyá Wàídì gbé abọ́ ìwẹ̀ lérí sìn ín dé jẹ́tì. Èmi di búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Ẹni tó ń sáré kiri nítorí olómọ náà gbọ́dọ̀ jẹun, àbí?

Kí wọ́n tó lọ, Ọ̀gá bi wá báwo ni àwọn ì bá ṣe sọ ọ́. Ìyá Wàídì ní kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀yìn mọ́, kí wọ́n pe apá omi ní apá omi. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ÀGA sí apá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ MỌ́TÒ sí apá omi. Ó tán.

Ṣé gbogbo ẹ̀ ti wá dùn? Rárá. Apá ṣọ́ọ̀bù há, gọ́tà ti gba díẹ̀ níbẹ̀, ìdajì àga mi ló ń sùn lórí ara wọn nínú ilé báyìí. Àwọn kọ́sítọ́mà míì ò lè dúró de àyè, wọ́n ń lọ. Ó ń dùn mí. A ti bẹ Ọ̀gá pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mọ́tò kì í pọ̀, kí wọ́n jẹ́ ká lo apá omi díẹ̀. Wọ́n ní àwọn á bá àwọn tó ju àwọn lọ sọ ọ́. A ṣì ń retí. Àmọ́ ọ̀nà ti là, mi ò ní bá ọ̀nà jà.

Obìnrin yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì, ó páàkì síbi tó yẹ, ó fi fọ́tò hàn mí nínú fóònù. Obìnrin ni wọ́n bí! Wọ́n ti wọ ọ́ láṣọ ara ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tó rú òfin ló ya olóríkunkun. Ẹ̀yin tó ń ṣòfin, ẹ kọ́kọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwa náà, tí wọ́n bá bi wá ṣé ó yé wa, ẹ jẹ́ ká yéé sáré dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n nawọ́ sí i kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti páàkì dí yín mọ́lé rí? Òfin wo ni wọ́n ṣe ládùúgbò yín tí kálukú gbọ́ sí tiẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, kó gùn bó bá ṣe fẹ́ gùn. Mofẹ́ ń mu ọmú lọ́wọ́ báyìí, kò sì tíì fẹ́ sùn. Ọwọ́ mi kan ṣófo, mo lè ka gbogbo ẹ̀.