Gáàsì Tó Yẹ Kí N Máa Tà

Owú ni. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Bí mo bá ti rí aládùúgbò mi tó ń rọ gáàsì fún àwọn tó jẹ́ oníbàárà mi tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ka iye sílíńdà tó bá rọ.

Ìdí èédú ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ló ń sun ún lóko lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Á to igi jọ, á fi ewé tútù àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, á wá jókòó ti èéfín ẹ̀ títí igi á fi di èédú. Èmi ni mo gbé e wá tà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà ọmọge mi. Òun ni mo fi sọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí di olùkọ́.

Aládùúgbò mi ńkọ́? Sálúbàtà ló ń tà. Nígbà tí ọjà ò yá mọ́ ló ní kí n mú òun mọ̀nà, mo sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó èédú fún mi. Kò tíì pé ọdún kan nídìí ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ fi dé. Wọ́n ní gáàsì layé ń bá lọ báyìí, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ebi wá pa ẹni tó ti ń jẹun nídìí èédú. Àwọn á mú eléèédú kan ládùúgbò wa, àwọn á kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn á sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ gáàsì kalẹ̀ fún un. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn á wá fojú ara wọn rí wa. Ọkàn mi balẹ̀. Ta ni wọn ì bá tún mú?

Nílé tiwa, àlejò kì í bá eléèédú nínú dúdú. Bí ìyá mi ṣe kọ́ wa nìyẹn: bí o bá ń retí èèyàn pàtàkì, kó ẹrù sẹ́yìn, kí o wẹ̀, kí wọ́n má baà ní o dọ̀tí. Láti àárọ̀ ni mo ti kó gbogbo àpò èédú lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo fi kàìnkàìn ha ọwọ́ mi dé abẹ́ èékánná. Mo wọ bùbá àti ìró funfun tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Aládùúgbò mi ò tiẹ̀ rántí pé àlejò ń bọ̀. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já èédú fún un ni, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí tààrà. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n rò pé ìyá onílé ni mí. Mo ní, "Èmi gan-an ni eléèédú àdúgbò yìí." Ọ̀gá wọn wo aṣọ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó kan ẹni tí ìyà ń jẹ." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ gáàsì fún aládùúgbò mi nìyẹn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí mo bá ń kọjá, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀." Ìkíni yẹn ló ń bí mi nínú jù. Bó bá jẹ́ pé ó ń yan fanda ni, ǹ bá ti bá a jà, ara ì bá sì tù mí. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ti bá a lọ. Ẹni tó ń dín àkàrà náà ti bá a lọ. Ó ku èmi àti àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì.

Ní Sátidé kan, mo lọ kí ọmọ mi ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, mo gbé èédú dání fún un bí mo ti máa ń ṣe. Ó dúpẹ́, ó ní kí n jókòó sí pálọ̀. Ìrẹsì ẹ̀ ti yára jinná jù. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná. Sílíńdà gáàsì ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ògbólógbòó ìró bò ó. Àdògán wà ní igun, kò sí eérú nínú ẹ̀.

"Níbo lo ti rọ ọ́?"

Ó tún ìró náà fà bo sílíńdà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi àti ti aládùúgbò mi ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

"Mi ò bínú sí ọ. Èmi ló yẹ kí n máa rọ ọ́ fún ọ."