Ẹni Tí Ó Ń Pè Mí Ní Àjọkẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, Kérésìmesì méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan wà ní Plumstead, nínú yàrá kan tí èmi àti màmá mi ń gbé. Ìkejì wà ní Thamesmead, nílé àwọn òyìnbó tó gbà mí tọ́. Ọ̀nà tó wà láàárín ilé méjèèjì kò jìnnà. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́, n kò ní tíì jẹ ẹ́ tán tí màá fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìlú yìí mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í rìn ní London lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Plumstead. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá mi ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n á ti máa din adìyẹ. Òórùn kọ́rì àti táìmù á lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì, á lẹ̀ mọ́ irun mi, á sì bá mi dé ilé ìwé nígbà tí a bá wọlé lọ́dún tuntun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bó àlùbọ́sà kí n sì gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́. Bí ìrẹsì bá jinná, wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á dé e, wọ́n á sì rán mi sí àwọn tó ń gbé yàrá tó kù nínú ilé náà. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, bàtà àlejò á ti kún ẹnu ọ̀nà wa débi pé ilẹ̀kùn ò ní lè pa dé mọ́.

Ohùn màmá mi ni mo rántí jù. "Àjọkẹ́! Gbé abọ́ yẹn wá. Àjọkẹ́ mi, ìwọ mà lo ń jẹ ẹran yẹn tán o!" Èmi á sì dáhùn pé, "Mà!" Fọlákẹ́ ni orúkọ mi nílé ìwé. Nílé wa, ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ Fọlákẹ́, mo sì mọ̀ pé kíkúnlẹ̀ kọjú sí ògiri, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ló kàn. Àjọkẹ́ ni oríkì mi. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi pè mí ní gbogbo ìlú London àfi màmá mi.

Àìsàn dé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kú. Ìyá wọn ní Nàìjíríà ti darúgbó, kò sí ẹni tó lè wá mú mi. Bí ìjọba ṣe fi mí sọ́dọ̀ Líńdà àti ọkọ wọn, Pítà, nìyẹn, tí wọ́n sì sọ mí dọmọ lábẹ́ òfin. Kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ ni mo ṣe ń kọ Líńdà sílẹ̀ báyìí. Ẹnu mi kò gbà á rí. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Líńdà, ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Sister Dúpẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe fẹ́ máa pe àgbàlagbà lórúkọ gbàgàdà? N kò sì lè pè wọ́n ní Mọ́mì, nítorí Mọ́mì mi wà ní ibojì. Nítorí náà n kò pè wọ́n ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ omi, màá wúkọ́. Bí oúnjẹ bá ń jóná, màá wúkọ́ líle. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ikọ́ náà. Dókítà gbọ́ àyà mi títí, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo ṣe tó yé wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe tó yé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí Pítà nínú ilé ìdáná. Pítà rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì, wọ́n ń bi mí bóyá yẹtí ni. Ojú tì mí débi pé mo ní yẹtí ni. A jọ wá a títí. Lọ́jọ́ tí mo sì gé irun Sámù, ọmọ bíbí inú wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Líńdà ní kí n lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo jókòó, mò ń retí ìyà tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti tó, kí n dìde. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìyà náà máa wá bẹ̀rẹ̀.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ dé. Wọ́n yan tòlótòló ńlá kan, wọ́n se kábéèjì róbótó kéékèèké tó korò, wọ́n sì da omi ọbẹ̀ tí kò ní ata lé gbogbo rẹ̀ lórí. A fa nǹkan kan tó dún pàù, adé bébà jáde nínú rẹ̀, a sì dé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo lọ jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí adágún omi, mo gbé àwo tèmi síbẹ̀, mò ń wọ̀nà. Líńdà bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní àlejò. Wọ́n ní, "Kò sí ẹni tó ń bọ̀ lónìí, Fọlákẹ́. Àwa nìkan ni." Inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lójú tiwọn, ohun tó dára jù lọ nínú Kérésìmesì nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni mo rí.

Ẹ ò mọ bí ó ti rí kí èèyàn ní orúkọ kan kó má sì sí ẹni tí yóò pè é. Mo máa ń wọ ilé ìwẹ̀, màá ṣí omi sílẹ̀ kó máa dún, màá wá fẹnu ara mi pe ara mi ní Àjọkẹ́. Kì í dà bí ìgbà tí wọ́n bá pè mí. Ẹni tó pè mí náà ló ń dáhùn.

Nígbà tí Kérésìmesì tún ń bọ̀, Líńdà bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní kí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí màmá mi ń lọ ní Plumstead. N kò sọ ìdí rẹ̀. Èrò mi ni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó máa pè mí bí màmá mi ṣe ń pè mí. Inú Líńdà dùn gan-an, nítorí n kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n lọ sí Powis Street, wọ́n sì ra súwẹ́tà mẹ́rin tó bára mu fún wa, tí àwòrán àgbọ̀nrín wà láyà rẹ̀. Pupa fòò ni súwẹ́tà náà.

Aláṣọ funfun ni ìjọ wa. A kì í wọ pupa wọ ibẹ̀, a kì í sì wọ bàtà. Bí mo ṣe rí àwọn súwẹ́tà yẹn ni mo mọ̀ pé wàhálà ti dé, ṣùgbọ́n Líńdà ń rẹ́rìn-ín, Sámù ń fò sókè, n kò sì mọ orúkọ tí màá pè wọ́n kí n tó sọ ọ́. Mo wúkọ́. Wọ́n fún mi ní oyin.

Báyìí ni àwa mẹ́rin ṣe gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé Olúwa, tí a pọ́n wẹ̀ bí ata. Arákùnrin tó ń ṣọ́nà la ẹnu sílẹ̀. "Ah! Ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ wait first. Mọ́mì! Mọ́mì Bùkọ́lá, ẹ come o!"

Mọ́mì Bùkọ́lá, àgbà obìnrin kan nínú ìjọ náà, jáde sí wa nínú aṣọ funfun. Wọ́n wò wá láti òkè délẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. "Happy Christmas o! Ẹ má worry rárá. A kì í wọ red wọlé ni. Bùkọ́lá, lọ bring àwọn wrapper yẹn. Ẹ remove shoes yín."

Pítà bọ́ bàtà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn sì yọ jáde lójú ihò ìbọ̀sẹ̀. Sámù rò pé gbogbo nǹkan la ní kí a bọ́. Ó ti bọ́ ṣòkòtò kí a tó rí i mú. Wọ́n ró aṣọ funfun mọ́ wa lára, òórùn tùràrí gba imú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí òórùn màmá mi ni.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fún wa ní ìrẹsì. Mọ́mì Bùkọ́lá fà mí mọ́ra. "Ọmọ ta ni ẹ́? O ti grow, mi ò recognise ẹ mọ́."

Mo wo Líńdà, mo wo ilẹ̀. "Ọmọ Sister Dúpẹ́ ni mí, mà."

"Dúpẹ́ wa tó ń ṣe care work? Ye! O tiẹ̀ resemble ẹ̀ gan-an. Kí ni oríkì ẹ?"

"Àjọkẹ́ ni, mà."

"Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ ọmọ Dúpẹ́! Pẹ̀lẹ́, Àjọkẹ́."

Ohun tí mo bá wá nìyẹn, àmọ́ kò wọ inú mi. Ẹni rere ni Mọ́mì Bùkọ́lá, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n yípadà láti bu ìrẹsì fún ọmọ mìíràn, tí wọ́n sì ń pe òun náà ní oríkì tirẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó lè pè é. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹni tí mò ń wá kò sí níbẹ̀.

Nínú mọ́tò, Líńdà bi mí pé, "Kí ni orúkọ tí màmá yẹn pè ọ́?" Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní orúkọ tí màmá mi fi ń kẹ́ mi ni, màmá ẹni ló ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀. Líńdà ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí pé Líńdà á pè mí ní Àjọkẹ́. Wọ́n máa ń wà mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́jọ́ Sunday, ibẹ̀ ni Yorùbá mi kò ṣe kú. Wọ́n lọ kọ́ irun dídì lọ́wọ́ onídìrí kan ní Plumstead, wọ́n á sì há orí mi sáàárín eékún wọn. Mo máa ń rò pé, bóyá lónìí. Bí mo bá ṣàìsàn, bí mo bá yege nílé ìwé, bí a bá dé adé bébà lọ́jọ́ Kérésìmesì, màá máa rò pé, bóyá lónìí. "Fọlákẹ́" ni wọ́n ń pè mí, jẹ́ẹ́jẹ́, láìbínú. Èmi náà ń wúkọ́. Nígbà tó yá, mo gbà pé wọn kò fẹ́ pè é ni, pé ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni mo jẹ́, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí n dá wà jù lọ nínú ilé tí kò sí ohun tí wọn kò fún mi.

Thamesmead àtijọ́ kọ́ ni ti ìsinsìnyí. Nígbà yẹn, èmi nìkan ni Fọlákẹ́ nílé ìwé mi. Lónìí, àwọn tó ń jẹ́ Ayọ̀ pọ̀ nínú kíláàsì ọmọ mi débi pé orúkọ bàbá ni tíṣà fi ń dá wọn mọ̀. A ò ní láti wá ata rodo lọ ọ̀nà jíjìn mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, mo ní ọkọ àti ọmọbìnrin kan, Thamesmead East la sì ń gbé. Pítà ti kú. Sámù wà ní Australia, lójú fóònù la ti ń rí i. Bọ́ọ̀sì kì í sáà rìn lọ́jọ́ Kérésìmesì títí di òní, nítorí náà èmi ni mo máa ń wa mọ́tò lọ gbé Líńdà wá.

Kérésìmesì tó kọjá, mò ń din dòdò lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀. "Àbẹ̀ní! Wá bá mi wá gíláàsì ojú mi." Oríkì ọmọ mi ni. Ohùn òyìnbó ni, àmọ́ wọ́n pè é dáadáa. Ọmọ náà dáhùn pé, "Yes, Grandma." Mo pa iná, mo jáde sí wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi pe tèmi rí.

Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ fún mi pé ìyá rẹ ló ń pè é. Ta ni èmi tí màá gba ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́? Mo máa ń dá pè é nínú mọ́tò, nígbà tí mo bá já ọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń dúró kí o ní kí n pè é."

Gbogbo ọdún yẹn, èmi nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń dún, àwọn nínú mọ́tò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ kan náà la jọ ń pè. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo wúkọ́.

Wọ́n gbójú sókè, adé bébà ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí wọn. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́?"

Mo ní, "Mà."

Ọmọ mi wò mí, nítorí kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí nínú ilé yìí. Ó béèrè pé ta ni mò ń dá lóhùn. Mo ní màmá mi ni.