Ìkìlọ̀ Tí Àǹtí Mi Máa Ń Kà

Àǹtí mi tó ń ta ìpara tí wọ́n fi ń na irun l'Ápòmù, wọn kì í gbowó láìkọ́kọ́ ka ìkìlọ̀ ara páálí sí oníbàárà létí. "Gbọ́ ná, kó o tó sanwó," ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tí mo bá wọn gbé ọjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìkìlọ̀ tí òfin là kalẹ̀ sójú ibi ìsanwó. Kó má baà lé oníbàárà, mo fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá.

Wọ́n rí i. Wọ́n kàn ṣí híjáàbù tí n kò rí kí wọ́n ṣí rí.

Háà! Irun dà? Àpá ìjóná ló gba gbogbo àtàrí wọn.

"Èyí témi náà rà ní ìkìlọ̀," ni wọ́n wí. "Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí."